Òkúta Tí Bàbá Oníwọ̀n Gbé Síwájú Ilé

Rùkáyà, ọmọ ọmọ mi, ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí bàbá òun àgbà. Mo ní mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n sọ ilé ìwé tí wọ́n lọ. Wọn ò lọ ọ̀kankan, èmi náà ò lọ. Òun ló lọ, ìdí nìyẹn tí bírò fi wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́nu mi. Ohun tí mo bá sọ ni kí ó kọ. Kí ó má fi èdè ilé ìwé tún un ṣe. Bí mo bá yà sọ́tùn-ún, kí ó bá mi yà sọ́tùn-ún.

Baálé mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, àwọn tí gbogbo Ìlá ń pè ní Bàbá Oníwọ̀n. Ọyẹ́ tó kọjá ni wọ́n fi wá sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ oríṣiríṣi. Àwọn kan ní ẹ̀rọ orin ló yí bàbá lórí lọ́jọ́ alẹ́. Àwọn mìíràn ní òkúta tí wọ́n gbé síwájú ilé, àmì pé ọpọlọ wọn ti ń dàrú ni. Mi ò gbà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, èmi ni kó bi, èmi tí mo gbọ́ ìhanrun wọn láti ìgbà tí irun orí wọn ṣì dúdú.

Kòkó àti èkùrọ́ ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀, láti Ìlá dé Ọ̀tan, wọ́n á tún yà sí Ire. Ìwọ̀n wọn jẹ́ èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sára òpó, ó ní ìkọ́ nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú aago. Nígbà tí wọ́n fi òwò sílẹ̀, ìwọ̀n ò fi wọ́n sílẹ̀. Kò sí ohun tó wọ ilé mi tí wọn ò gbé kọ́. Lọ́dún Iléyá kan, àbúrò mi obìnrin fi itan àgbò ránṣẹ́ sí wa. Kí n tó gbé ìkòkò kaná, itan ti wà lórí ìwọ̀n, bàbá sì ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo oṣù ààwẹ̀. Inú bí mi. Mo ní ẹran ọ̀fẹ́, ẹran inú rere, kí ni wọ́n ń wọ̀n nínú rẹ̀? Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Nígbà tí wọ́n rí i pé ìbínú náà ò fẹ́ rọlẹ̀, wọ́n wá jókòó tì mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ní: "Ìyá Gàníyù, kì í ṣe pé mo fura sí àbúrò rẹ. Mo fẹ́ mọ bí inú rere rẹ̀ ṣe wúwo tó ni, kí tiwa má baà fúyẹ́ nígbà tó bá kàn wá."

Mo yí ojú sí ìkòkò mi. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹran yẹn sọ́kàn.

Rùkáyà ní kí a fi tòun náà sí i. Ó ní nígbà tí òun kéré, bí òun bá ti ilé ìwé dé tí òun sọ pé olùkọ́ yin òun, bàbá á ní kí òun di ìkọ́ ìwọ̀n mú kí òun gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n á wo ojú ìwọ̀n náà pẹ́, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní: "Ó wúwo ju ti àná lọ díẹ̀. Ìyìn náà wọlé." Ó ní òun gbà á gbọ́ títí òun fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Etí mi ló dá gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń di. Mo fẹ́ràn eré tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣàn, mi ò sì mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ àwòrán, bí ìlà eèrà ló rí lójú mi. Ohùn àwọn òṣèré nìkan ni mo gbójú lé, tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ òde òní sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n dé agolo mọ́ lórí. Bí mo bá ní kí wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sókè, ariwo ló ń pọ̀, ọ̀rọ̀ ò yé mi sí i. Ní ilé ìwòsàn wọ́n fi nǹkan kékeré kan sí mi létí. Ó ń súfèé bí ìkòkò àgbo. Mo yọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀.

Gàníyù ọmọ wa wá láti Èkó nígbà kan, ó rí mi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi etí lẹ̀ mọ́ tẹlifíṣàn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní màmá òun ti dàgbà, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ gbọ́ tí wọn ò tíì gbọ́? Èmi gan-an bá a rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: "Ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú ilé ara rẹ̀, àlejò ló dà níbẹ̀. Ìyá rẹ ò ní ṣe àlejò nílé mi."

Sípíkà méjì ti wà nílẹ̀ fún wa. Olùkọ́ kan tó gba yàrá lọ́dọ̀ wa ló ni wọ́n. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn tí kò rí ọkọ̀ tó gba ẹrù rẹ̀ tán, ó fi wọ́n ta bàbá lọ́rẹ. Igi gidi ni wọ́n fi ṣe wọ́n, kì í ṣe páálí. Bàbá gbé wọn kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n mi orí. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ìka kan ara igi náà, wọ́n sì dẹtí. Ṣùgbọ́n sípíkà nìkan ò lè sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí ẹ̀rọ kan wà láàrin òun àti tẹlifíṣàn, àpótí dúdú tí á gba ohùn, tí á fún un lágbára, tí á sì pín in fún sípíkà. Risífà ni àwọn ọmọ ń pè é. Ó wá di pé kí bàbá wá risífà tó yẹ sípíkà wọ̀nyí. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn kò bá Bàbá Oníwọ̀n gbé rí.

Gàníyù ló kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá, odindi kan nínú páálí, risífà àti sípíkà tirẹ̀ pa pọ̀, gbogbo rẹ̀ ń dán gbinrin. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí fún wa: ẹgbẹ̀rún wáàtì. Bàbá gbé risífà náà kọ́ sórí ìwọ̀n. Ọwọ́ ìwọ̀n ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò níbi tó wà. Gàníyù ní, Bàbá, kì í ṣe kòkó. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé kì í ṣe kòkó, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá ní agbára lóòótọ́, irin àti wáyà bàbà ló máa kún inú rẹ̀, irin kì í sì í fúyẹ́. Gàníyù tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lára páálí. Wọ́n dá a dúró: "Ẹgbẹ̀rún ènìyàn kì í gbé inú agolo sàdíìnì, ọmọ mi. Dá a padà fún wọn." Ó dá a padà tìbínútìbínú, kò sì pè wá lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wá tàn ká. Lásísì, àbúrò wọn, ọmọ ìyá wọn gan-an, dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níṣojú àwọn èèyàn. Ó ní, ẹ̀gbọ́n mi, irùngbọ̀n yín ti funfun, ẹ̀rọ fàájì lẹ ń wá kiri. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá ò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní: "Lásísì, irùngbọ̀n mi ló funfun, etí ìyàwó mi ló ń di. Èwo nínú méjèèjì lo mú oògùn rẹ̀ wá?"

Ẹ̀rín náà yí padà sí Lásísì. Mo rò pé ìgbà náà ló ti dì í sínú.

Kò pẹ́ tó fi wá sílé wa tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní òun ti rò ó, ọ̀rẹ́ òun kan ní ṣọ́ọ̀bù l'Óṣogbo, kí ẹ̀gbọ́n òun lọ síbẹ̀. Bàbá gbé ìwọ̀n wọn, wọ́n wọ mọ́tò. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé pẹ̀lú risífà kan tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́kadà tó gbé e wá láti gáréèjì fi ń rojọ́. Inú wọn dùn. Wọ́n gbé e kọ́ sórí ìwọ̀n fún gbogbo ẹni tó wá kí wọn, títí kan ẹni tó wá tọrọ iná sìgá.

A lò ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ díẹ̀. Mo ń gbọ́ díẹ̀, kò burú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí ìgbà tí iná jó irun, ohùn sì dákẹ́. Bàbá pe Múkáílà, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa. Ó tú páànù orí rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀, ó wo bàbá, ó tún wo inú rẹ̀. Irin tó wà níbẹ̀ kò tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi fóòmù wé nǹkan kan, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Múkáílà fi ọ̀bẹ ya fóòmù náà.

Òkúta ni.

Kí ó lè yé ẹni tí kò mọ òwò kòkó: irú ẹ̀tàn tí àwọn àgbẹ̀ kan máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á fi òkúta sáàárín àpò kí ó lè tẹ̀wọ̀n. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹni tó ń ra kòkó fi máa ń mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó dání. Bó bá ti wọ̀n ọ́n tán, á gún àpò náà dé inú. Jálẹ̀ ọdún tí baálé mi fi ṣòwò, kò sẹ́ni tó ta òkúta fún wọn rí. Wọ́n mú àwọn tó dán an wò, wọ́n sì tú àpò wọn sójú ọjà. Bàbá yìí kan náà ni wọ́n wá ta òkúta fún nínú risífà. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọ́n gbàgbé láti gún un.

Mo rò pé wọ́n á ju òkúta náà sínú kànga. Mo ti ń ro bí màá ṣe bẹ Múkáílà kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá gbé òkúta náà síwájú ilé, sórí pèpéle tí wọ́n máa ń gbé ìwọ̀n kọ́ sí nígbà òwò. Ẹni tó bá ń kọjá lọ sọ́jà tó bá bèèrè, wọ́n á ní kó jókòó, wọ́n á sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti mú rí wá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ojú tì mí. Mo fi abọ́ bò ó. Bàbá ṣí i. Mo fi aṣọ bò ó, wọ́n ká aṣọ náà, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n ní: "Ojú ọjà ni mo ti tú àpò àwọn tí mo mú. Ojú ọjà náà ni kí wọ́n ti rí tèmi."

Ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní àrùn ọpọlọ nìyẹn. Ẹ bá mi wá ẹlòmíràn ní Ìlá tí orí rẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n padà lọ bá oníṣọ́ọ̀bù náà l'Óṣogbo. Kò gba ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú sí òun, àbúrò wọn ló pè òun lórí fóònù pé ẹ̀gbọ́n òun ò mọ nǹkan kan ju ìwọ̀n lọ, ohun tó bá ṣáà ti wúwo ni kí òun gbé fún wọn. Nígbà tí bàbá dé, wọ́n sọ fún èmi nìkan. Wọ́n ní: "Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé, má sọ ọ́. Ọmú kan náà la jọ mu."

Wọn ò sí láyé mọ́. Mo sọ ọ́. Rùkáyà, kọ ọ́ kó hàn dáadáa.

Ẹ rò pé wọ́n á jáwọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n háyà odindi takisí. Wọ́n kó sípíkà méjèèjì sí bùútù, wọ́n mú ìwọ̀n, wọ́n yá sukudiráfà lọ́wọ́ Múkáílà, wọ́n sì ní kí èmi àti Rùkáyà múra. Mo bèèrè ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe. Wọ́n ní ìwọ̀n á sọ bó ṣe wúwo, sukudiráfà á sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n etí mi nìkan ló lè sọ bóyá ká rà á.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta la kọ́kọ́ wọ̀. Wọ́n gbà kí bàbá wọ̀n risífà wọn, wọn ò gbà kí wọ́n tú u. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè bóyá bàbá fẹ́ ra ẹ̀rọ ni tàbí wọ́n fẹ́ kọ ọ́ nílà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin jẹ́ ti obìnrin kan tó wọ híjáàbù, òun fúnra rẹ̀ ló ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gba sukudiráfà lọ́wọ́ bàbá, ó fi tirẹ̀ tú risífà kan, ó ní ti bàbá ti kú lẹ́nu. Ó ní kí Rùkáyà ka ohun tó wà lẹ́yìn sípíkà wa. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni mẹ́rin. Ó ní, "Bàbá, sípíkà tó bá jẹ́ mẹ́rin, ó ń fa agbára ju èyí tó jẹ́ mẹ́jọ lọ. Bí wọ́n bá so ó mọ́ risífà tí kò lè pèsè tó, risífà náà á máa gbóná títí á fi jó. Kì í ṣe wíwúwo nìkan. Ẹ bèèrè bóyá ó lè bọ́ wọn." Bàbá wo obìnrin náà bí wọ́n ṣe máa ń wo kòkó tó gbẹ dáadáa. Wọ́n ní òun ló yẹ kó jẹ́ ọmọ àwọn, kì í ṣe Gàníyù.

Ó fẹ́ fi sípíkà mìíràn kún un, àwọn tí wọ́n máa ń gbé sẹ́yìn àga kí ohùn lè yí èèyàn ká. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní: "Ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kó wá síwájú mi."

Ó wá ku etí mi. Bàbá ò gbà kí wọ́n fi orin dán an wò, wọ́n ní orin máa ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Wọ́n mú Rùkáyà jáde lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sọ nǹkan kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú fóònù rẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó jìnnà tó àga mi sí tẹlifíṣàn nílé. Bí mo bá lè tún ohun tí wọ́n wí wí, a rà á. Bí mi ò bá lè tún un wí, a ò rà á.

Risífà àkọ́kọ́, mo gbọ́ pé ọkùnrin ni. Ìkejì, mo gbọ́ orúkọ mi, ìyókù dà rú. Ìkẹta ni obìnrin náà lọ gbé wá láti inú, èyí tí kò dán rárá, tí ó sì wúwo jù nínú gbogbo wọn. Ó tú u, bàbá tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, wọ́n fi ìka kan irin tí wọ́n wé wáyà bàbà mọ́ lára. Ó so sípíkà wa mọ́ ọn. Mo dúró. Bàbá ò wo ẹ̀rọ, ojú mi ni wọ́n ń wò. Mi ò rí i kí wọ́n wò mí bẹ́ẹ̀ rí, bí ẹni tó ti gbé àpò kọ́ tó ń dúró kí ọwọ́ ìwọ̀n dákẹ́.

Ohùn wọn sì jáde láti inú igi wọ̀nyẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: "Ìyá Gàníyù, ẹran tí mo wọ̀n lọ́jọ́sí, ṣé o ò tíì dárí ẹ̀ jì mí?"

Mo dáhùn níbi tí mo dúró sí: "Mi ò ní dárí ẹ̀ jì yín."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ní kí wọ́n dì í.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ wọn, ẹbí péjọ sí pálọ̀ láti pín ogún. Wọ́n ti pín oko, wọ́n ti sọ̀rọ̀ ilé. Mo rí i tí ẹnu Lásísì ń mì, tó sì ń nawọ́ sí ibi tí risífà wà. Ọ̀rọ̀ náà ò dé etí mi. Rùkáyà fẹnu mọ́ mi létí, ó sọ ọ́ fún mi: Lásísì ní kí ẹ̀rọ náà máa bọ̀ nílé òun, nítorí ìyàwó ilé ò gbọ́rọ̀ mọ́, kí ni ó fẹ́ fi ṣe?

Ọkọ mi kékeré ni mo ti ń pè é láti ọjọ́ tí mo wọlé ìyàwó, mi ò sì rí i fín rí. Mo dìde. Mo lọ síwájú ilé, mo gbé òkúta náà wọlé lọ́wọ́ ara mi, mo gbé e ka orí tábìlì níwájú rẹ̀.

Mo ní: "Ọkọ mi kékeré, ogún yín nìyí. Méjèèjì ló jọ ń lọ. Ẹni tó bá gbé risífà á gbé òkúta, á gbé e síwájú ilé tirẹ̀, ẹni tó bá sì bèèrè, á sọ bí ó ṣe dé inú ẹ̀rọ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́, bí ẹ̀gbọ́n yín ti ṣe."

Àáfà tó ń pín ogún wo òkúta, ó wo Lásísì. Gàníyù ní kí ni mò ń sọ. Lásísì ò ní kí ni mò ń sọ. Ó wo òkúta náà pẹ́, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí wọ́n ṣírò ẹ̀rọ náà mọ́ ìpín tèmi nínú ogún, ó bèèrè bàtà rẹ̀, ó sì lọ.

Ẹ̀rọ náà wà nílé mi. Òkúta ti padà sórí pèpéle, ẹni tó bá ń kọjá lè bèèrè, màá ní kó jókòó. Mo ń wo eré mi lójoojúmọ́, mo sì ń gbọ́ irọ́ tí àwọn òṣèré ń pa fún ara wọn dáadáa.

Bí eré bá parí, mo máa ń ní kí Rùkáyà so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá á bèèrè ọ̀rọ̀ ẹran wọn. Láti orí àga mi ni mo ti ń dá wọn lóhùn, mi ò sì tíì yí èsì mi padà.